Owó bìrìkìtì tó rí gígùn: ìfiwéra èrò Russell, Moore, Broad àti Cook Wilson lórí ohun tí a rí àti ohun tí a mọ̀

Ẹ gbé ẹyọ owó onírin kan sórí tábìlì, kí ẹ jókòó síbi tí ẹ ó ti máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ mọ̀ pé bìrìkìtì ni owó náà. Ṣùgbọ́n láti ibi tí ẹ jókòó sí yìí, ohun tó wà lójú yín gùn díẹ̀, ó fẹ́ jọ ẹyin tí wọ́n tẹ̀ ní pẹlẹbẹ. Ẹ dìde, ẹ wò ó láti òkè, ó tún di bìrìkìtì. Owó kò paradà. Kí wá ni ohun gígùn tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kan?

Ìbéèrè yìí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì Cambridge àti Oxford fi jiyàn láti 1903 títí Ogun Àgbáyé Kejì fi bẹ̀rẹ̀. G. E. Moore àti Bertrand Russell, tí wọ́n wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ analytic philosophy (fìlọ́sọ́fì tó ń tú èrò àti gbólóhùn palẹ̀) lélẹ̀, ló dá a sílẹ̀ láàárín wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá ní kó kọ iṣẹ́ lórí rẹ̀ sábà máa ń da gbogbo wọn pọ̀: á ní "Russell sọ pé", láìbéèrè pé Russell ti ọdún wo. Ìdí nìyí tí mo fi kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbí, tí mo sì ń fi owó orí tábìlì yìí dán wọn wò, kí ẹ lè rí iye tí èrò kọ̀ọ̀kan máa ná ẹni tó bá gbà á. Kò sí ọ̀fẹ́ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mo dúró sí. Lójú tèmi, ìbéèrè kan ṣoṣo ló pín wọn sọ́nà méjì: bí nǹkan bá hàn sí wa bí ohun gígùn, ṣé dandan ni kí ohun kan wà níwájú wa tó gùn ní tòótọ́? Russell ti 1912, C. D. Broad àti H. H. Price ní bẹ́ẹ̀ ni. John Cook Wilson, Prichard ti 1909 àti Dawes Hicks ti London ní rárá. Moore ń lọ síwá sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti dáhùn ìbéèrè yẹn ti yan, bó tilẹ̀ rò pé òun kò tíì yàn.

Ohun tí Moore kọ́kọ́ tú palẹ̀

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èrò tó gbayì jù ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé ohun gbogbo, títí kan òkúta, jẹ́ ti ẹ̀mí tàbí ti ọkàn ní ìpìlẹ̀. F. H. Bradley ni àgbà wọn ní Oxford, J. M. E. McTaggart sì ni ní Cambridge. Moore àti Russell pàápàá ti gbà á gbọ́ nígbà tí wọ́n wà nílé ẹ̀kọ́, kí wọ́n tó kẹ̀yìn sí i ní nǹkan bí 1898. Ní 1903 Moore gbé àròkọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń pè ní Mind, tó fi dojú ìjà kọ èrò náà.

Ó ní tí a bá rí àwọ̀ búlúù, nǹkan méjì ló wà níbẹ̀: rírí, àti búlúù tí a rí. Rírí búlúù àti rírí àwọ̀ ewé jọra nítorí pé rírí ni méjèèjì. Ohun tí a rí ni wọ́n fi yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní búlúù kò lè wà àfi tí ẹnì kan bá ń rí i ti pa nǹkan méjì pọ̀ di ọ̀kan, kò sì fi ẹ̀rí kankan gbè é. Moore tún ṣàkíyèsí ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ dán wò fúnra yín: tí ẹ bá gbìyànjú láti wo rírí náà gan-an, kì í ṣe ohun tí ẹ ń rí, ṣe ló máa ń dà bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Búlúù nìkan lẹ ó máa bá pàdé.

Títí dé ibẹ̀, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì yanjú ọ̀rọ̀ owó wa. Bí rírí bá yàtọ̀ sí ohun tí a rí, ó dáa, èwo ni ohun tí a rí: owó ni, àbí ohun gígùn?

Russell ti 1912: owó wà lẹ́yìn ohun tí ojú gbà

Ìwé kékeré tí Russell kọ fún àwọn òǹkàwé gbogbogbòò ní 1912 ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wọlé sínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Tábìlì ló mú ṣe àpẹẹrẹ. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń dán lára rẹ̀ funfun ju ibòmíràn lọ. Bí ẹni tó ń wò ó bá sún díẹ̀, ibòmíràn ni yóò máa dán. Ojú lásán rí i pé ó tẹ́jú. Máíkírósíkóòpù fi òkè àti kòtò hàn lára igi kan náà. Kò sí ìdí tí a ó fi gba ọ̀kan nínú àwọn ìrísí yìí kí á ní òun ni tábìlì gan-an. Russell wá pinnu pé ohun tí ojú ń gbà ní tààrà kì í ṣe tábìlì rárá. Sense-data ló pe àwọn ohun tí a ń gbà ní tààrà: àwọ̀, ìrísí, líle, ariwo. Tábìlì ni ohun tó ń mú wọn wá. Òye la fi ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Tí a bá gbé e sórí owó wa: ohun gígùn náà wà ní tòótọ́, sense-datum ni, ìyẹn ẹyọ kan nínú sense-data. Owó bìrìkìtì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tíì rí i ní tààrà rí.

Báwo la ṣe wá mọ̀ pé nǹkan kan tilẹ̀ wà lẹ́yìn? Russell gbà pé kò sí ẹ̀rí tó lè ti gbogbo ilẹ̀kùn pa. Ó mú ọ̀rọ̀ ológbò wá. Ológbò kan wà ní igun yàrá yìí, nígbà tó ṣe, ó ti wà ní igun kejì. Bí ológbò bá jẹ́ kìkì ohun tí ojú mi gbà, a jẹ́ pé kò sí níbì kankan nígbà tí n kò wò ó. Ebi tó wá ń pa á nígbà tó padà dé ńkọ́? Ó ní àwọ̀ lásán kò lè máa pebi bí onígun mẹ́ta kò ṣe lè gbá bọ́ọ̀lù. Ó rọrùn jù kí á gbà pé ológbò wà níbẹ̀, ó ń rìn, ebi ń pa á, bí a wò ó, bí a kò wò ó.

Agbára èrò yìí wà níbi tí sáyẹ́ǹsì bá ti wọ ọ̀rọ̀. Ìmọ́lẹ̀ òòrùn máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 8 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà òòrùn tí a ń wò jẹ́ ti ìṣẹ́jú 8 sẹ́yìn. Ẹni tó bá ní òòrùn gan-an lòun ń rí ní tààrà, nísinsìnyí, ní iṣẹ́ láti ṣe. Russell ti 1912 kò ní ìṣòro kankan níbẹ̀.

Ohun tó ń ná ni ni pé aṣọ ìkélé ti wà láàárín wa àti ayé, a kò sì lè ká a. A kò lè gbé sense-datum sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kí á wò ó bóyá wọ́n jọra, nítorí a kò tíì rí owó rí. Russell fúnra rẹ̀ gbà pé bí àwọn nǹkan ṣe tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nìkan la lè mọ̀, kì í ṣe bí wọ́n ṣe rí nínú ara wọn.

Inú ìwé kan náà ló ti pín ìmọ̀ àwọn nǹkan sí méjì, mo sì rò pé èyí ni apá tó wúlò jù níbẹ̀, kódà fún ẹni tó bá kọ sense-data sílẹ̀. Ìmọ̀ ojúkojú ni ti ohun tó wà níwájú ẹni láìsí alágbàsọ. Ìmọ̀ àpèjúwe ni ti ohun tí a kàn mọ̀ pé òun nìkan ló bá àpèjúwe kan mu. Bismarck fúnra rẹ̀ lè mọ ara rẹ̀ lójúkojú. Gbogbo àwa yòókù, "olórí ìjọba àkọ́kọ́ ti Ilẹ̀ Ọba Jámánì" tàbí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ la fi mọ̀ ọ́n.

Ìròyìn kò tó àfojúbà, ó sì dà bíi pé Russell náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀nà ti yà. Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, bá àwọn oníṣègùn jíròrò lórí ọ̀rọ̀ ìmọ̀, wọ́n sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1986. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ohun tí èèyàn bá fojú ara rẹ̀ rí ló lè ní òun mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún un, ó gbà á gbọ́ ni, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ jẹ́ olóòótọ́ tó. Lọ́dọ̀ irú àgbà bẹ́ẹ̀, ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kò mọ Bismarck, ó gba ìtàn rẹ̀ gbọ́ ni. Russell dẹ̀ jù wọ́n lọ níhìn-ín, nítorí ìmọ̀ àpèjúwe ṣì jẹ́ ìmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún le jù wọ́n lọ lọ́nà mìíràn: ẹni tó bá fojú rí ewúrẹ́ ló ń jẹ́rìí ewúrẹ́ lọ́dọ̀ tiwa, lọ́dọ̀ Russell, àwọ̀ àti ìrísí nìkan ló fojú rí.

Russell ti 1914, àti àwọn Russell tó tẹ̀lé e

Kò pẹ́ níbẹ̀. Ní 1913 ó dáwọ́ lé ìwé ńlá kan lórí ìmọ̀, ó ti kọ ohun tó ju 300 ojú ewé lọ kí Ludwig Wittgenstein, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tó sọ fún un pé àlàyé rẹ̀ lórí bí a ṣe ń ṣe ìdájọ́ kò lè dúró. Russell pa á tì. Ọdún 1984, tó ti kú fún ọdún 14, ni odindi ìwé náà tó jáde.

Ní 1914, nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ní Boston, ó mú ọ̀nà tuntun wá. Dípò kí á máa fi òye wá owó kan tó fara pa mọ́ lẹ́yìn ohun tí a rí, ó ní kí á kó gbogbo ìrísí náà jọ, ti òkè, ti ẹ̀gbẹ́, ti òkèèrè, ti tòsí, kí á sì ní àkójọ yẹn gan-an ni owó. Òfin tó gbé lé e ni pé níbikíbi tí a bá ti lè fi ohun tí a mọ̀ kọ́ nǹkan, kí á má ṣe fi òye lọ gbé ohun tí a kò mọ̀ wá. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ohun gígùn wa: kì í ṣe aṣojú owó mọ́, ọ̀kan lára owó ni. Aṣọ ìkélé ti já bọ́.

Mo fẹ́ràn ọgbọ́n inú rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n n kò lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ máa gbé inú ilé náà. Lákọ̀ọ́kọ́, àkójọ náà kò lè pé tí a bá fi kìkì ohun tí àwọn èèyàn rí kọ́ ọ. Ó gbọ́dọ̀ ní àwọn ìrísí láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò dúró sí. Sensibilia ló pe irú èyí. Ìwọ̀nyẹn sì rèé, òye la tún fi gbé wọn wá. Èkejì, olúkúlùkù tó ń wòran ní àyè tirẹ̀ tó ní ìbú, òró àti jíjìn. Ibi tí àwọn òǹwòran dúró sí pẹ̀lú tún tò sínú àyè mìíràn tó ní mẹ́ta. Mẹ́ta àti mẹ́ta ti di mẹ́fà. Russell sọ iye náà jáde láìfi bò. Nígbà tí Rudolf Carnap ní Vienna ní 1928, àti A. J. Ayer ní 1936, gbé irú iṣẹ́ yìí ṣe, wọ́n fi sensibilia sílẹ̀. Ayer ní ṣe la ń tú gbólóhùn lórí owó sí gbólóhùn lórí ohun tí èèyàn ì bá rí. Ìṣòro tó bá ìyẹn ni pé "ohun tí èèyàn ì bá rí" kò ṣeé sọ tán láìdárúkọ yàrá, ìmọ́lẹ̀, ojú tó dá ṣáṣá, èyí tí gbogbo wọn tún jẹ́ nǹkan bí owó.

Ní 1921, Russell tẹ̀lé William James, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Amẹ́ríkà, ó ju ìyàtọ̀ rírí àti ohun tí a rí nù, ìyàtọ̀ tí Moore fi ṣẹ́gun ní 1903. Ní 1927 ó padà sí èrò pé nǹkan wà lẹ́yìn ohun tí a rí, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ètò rẹ̀ nìkan la mọ̀. Ọdún kejì ni M. H. A. Newman, onímọ̀ ìṣirò ní Cambridge, kọ lù ú. Newman ní bí ẹ bá ní àwọn nǹkan tó pọ̀ tó, ẹ lè tò wọ́n sí ètò èyíkéyìí tó bá wù yín. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun mọ̀ pé ayé ní ètò kan báyìí, láìmọ ohunkóhun mìíràn, kò tíì sọ ju iye nǹkan tó wà láyé lọ. Russell kọ lẹ́tà sí i, ó gbà pé òótọ́ ló sọ. (Newman yìí náà ni Alan Turing jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní 1935.)

Àwọn tó ní gbogbo rẹ̀ wà níta

Mi ò ní pẹ́ lórí wọn. T. Percy Nunn ní London, ní nǹkan bí 1909, sọ pé bí omi kan bá gbóná sí ọwọ́ kan tó sì tutù sí èkejì, ìgbóná àti ìtútù náà wà nínú omi ní tòótọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́fà tí wọ́n pe ara wọn ní New Realists, lára wọn ni Edwin Holt àti Ralph Barton Perry, gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní 1910 àti 1912. Lọ́dọ̀ wọn, owó gùn, ó sì tún rí bìrìkìtì, ó kù síbi tí ẹ ti ń wò ó. Ẹ ó rí i pé ẹrù owó náà pọ̀ jù fún un láti rù. Ibi tó sì ti kọ́ wọn lẹ́sẹ̀ ni àṣìṣe: bí ohun gbogbo tó bá hàn bá wà níta lóòótọ́, kí ló kù tí a ó máa pè ní àṣìṣe? Àwọn méje mìíràn ní Amẹ́ríkà, A. O. Lovejoy àti George Santayana wà níbẹ̀, kọ ìwé ta kò wọ́n ní 1920.

Broad, àti adìyẹ

C. D. Broad, ti Trinity ní Cambridge, ló sọ ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn "bẹ́ẹ̀ ni" jáde jù, nínú ìwé tó kọ ní 1923. Owó pẹ́nì ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní bí kò bá sí ohun kankan tó gùn níwájú mi, kí ló dé tí owó náà fi hàn bí ohun gígùn, tí kò hàn bí onígun mẹ́rin tàbí irú mìíràn? Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó fa gígùn. Ohun náà ló pè ní sensum, orúkọ tirẹ̀ fún sense-datum. Price tẹ̀lé e ní Oxford ní 1932 pẹ̀lú tòmátì: mo lè ṣiyèméjì pé tòmátì ni, mo lè ṣiyèméjì pé ohun kan tó ṣeé mú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè ṣiyèméjì pé ohun pupa kan tó rí roboto wà lójú mi.

Ẹ fara balẹ̀ níbi gbólóhùn Price yẹn, nítorí kò sẹ́ni tó ń kà á tí orí rẹ̀ kò ní fẹ́ mì. Ohun tó dá wa lójú ni pé ó hàn sí wa bíi pé ohun pupa kan wà. Ṣé ìyẹn kan náà ni pé ohun pupa kan wà? Broad mọ̀ pé àwọn kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ gbé èrò tiwọn kalẹ̀ dáadáa ju bí wọ́n ti gbé e kalẹ̀ lọ: pé "hàn bí" jẹ́ ìbátan láàárín owó, ìrísí gígùn àti ẹni tó ń wòran, kò sì bí ohun kẹrin kankan. Lẹ́yìn náà ló ní òun ò gbà, nítorí pé kò ṣàlàyé ìdí tó fi jẹ́ gígùn.

Ohun tó wá fìyà jẹ sensum jù ni ìbéèrè kan tí Gilbert Ryle bi Ayer, tí Roderick Chisholm kọ nípa rẹ̀ nínú Mind ní 1942. Ẹ fojú wo adìyẹ kan tó kún fún tótòtó lára, ẹ wò ó fìrí. (Ẹ lè fi ẹtù rọ́pò rẹ̀.) Sensum tí ẹ ní ní àkókò yẹn, tótòtó mélòó ló wà lára rẹ̀? Tí ẹ bá ní iye kan pàtó ni, a jẹ́ pé sensum ní ohun kan lára tí ẹ kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò lè fara pa mọ́ fún wa la fi mú un wá. Tí ẹ bá ní kò ní iye, a ti gba ohun kan gbọ́ tó ní tótòtó púpọ̀ lára tí tótòtó náà kò sì jẹ́ iye kankan. Irú ohun bẹ́ẹ̀ kò sí láyé. Tí a bá sì ní adìyẹ hàn bí ohun tó ní tótòtó púpọ̀, kò sí wàhálà: ohun kan lè hàn bí ohun tó pọ̀ láìhàn bí iye kan pàtó.

Cook Wilson: ìmọ̀ kì í ṣe ìgbàgbọ́ tó dára

Cook Wilson kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ nǹkan jáde. Òun ni ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ lọ́jíìkì ní Oxford láti 1889 títí tó fi kú ní 1915, ìwé rẹ̀ kò sì jáde àfi ní 1926, nígbà tí wọ́n kó ohun tó fi sílẹ̀ jọ. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà tó kọ sí G. F. Stout ní 1904, ó ti ṣàlàyé àṣìṣe náà: a máa ń sọ pé nǹkan hàn, lẹ́yìn náà a ó sọ "hàn" di "ìrísí", a ó wá mú ìrísí bí ẹni pé ohun mìíràn ni tó dúró láàárín wa àti nǹkan náà. H. A. Prichard gbé e lọ síwájú ní 1909: irin ojú ọ̀nà rélùwéè máa ń dà bíi pé ó fẹ́ pàdé lọ́hùn-ún, ìyẹn kò sì fi hàn pé irin méjì kan wà níbì kan tó ń pàdé.

Lórí owó: owó ni ẹ rí. Ó hàn bí ohun gígùn. Kò sí ohun gígùn kankan.

Lórí ìmọ̀, wọ́n le gan-an. Wọ́n ní ìmọ̀ kò ṣeé tú sí ẹ̀yà. Kì í ṣe ìgbàgbọ́ tí a fi òótọ́ àti ẹ̀rí kún. Ọ̀tọ̀ ni mímọ̀, ọ̀tọ̀ ni gbígbàgbọ́, ìmọ̀ kì í sì í ṣàṣìṣe. Ẹni tó bá ń wá èyí tó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ yóò gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Cook Wilson yìí náà ló dá lójú pé jiọ́mẹ́tìrì tó yapa sí ti Euclid, Gíríìkì àtijọ́, jẹ́ ọ̀rọ̀ asán, ó sì bá a jà títí. Ọdún 1915 tó kú náà ni Albert Einstein fi irú jiọ́mẹ́tìrì bẹ́ẹ̀ parí àlàyé rẹ̀ lórí òòfà ilẹ̀. Bí ìmọ̀ kì í bá ṣàṣìṣe, ó yẹ kí á lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ìdánilójú lásán, baba fúnra rẹ̀ kò sì rí i ṣe.

Ọwọ́ Moore

Nínú gbogbo wọn, Moore ni kò ní èrò kan tí ẹ lè dì mú lórí rírí, òun náà sì ni mo gbà pé ó jàre jù lórí mímọ̀. Ẹ wá apá kẹrin àròkọ tó kọ ní 1925. Níbẹ̀ ló ti ní kí òǹkàwé wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀, kó sì mú ohun kan níbẹ̀ tó kọ́kọ́ dà bíi pé òun gan-an ni apá ojú ọwọ́ náà tó kọjú sí i. Ohun tó mú yẹn ni sense-datum. Ó dá a lójú pé ọwọ́ ni èyí. Ohun tí kò dá a lójú ni bí sense-datum yẹn ṣe jẹ́ sí ọwọ́.

Ó ní ìdáhùn mẹ́ta ló wà. Bóyá sense-datum náà gan-an ni apá kan lára ojú ọwọ́. Ṣùgbọ́n tí ojú ẹni bá rí nǹkan ní méjì, bó ṣe máa ń ṣe tí a bá tẹ ojú kan díẹ̀, sense-datum di méjì, ojú ọwọ́ sì jẹ́ ọ̀kan. Méjì kò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Bóyá ìbátan kan tí kò ṣeé tú palẹ̀ ló so wọ́n pọ̀: tó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo la ṣe máa ń mọ̀ pé ìbátan náà wà? Bóyá ohun tí John Stuart Mill sọ ni, pé ọwọ́ jẹ́ ìrísí tí èèyàn lè rí nígbàkígbà tó bá wà níbi tó yẹ: nígbà náà "ọwọ́ wà" kò túmọ̀ sí ohun tí gbogbo wa rò pé ó túmọ̀ sí. Moore kò yan ìkankan. Ìyàtọ̀ tó fà síta níbẹ̀ wúlò fún yín ju ìdáhùn lọ: a lè mọ̀ dájú pé gbólóhùn kan jẹ́ òótọ́ láìmọ bí a ó ṣe tú u palẹ̀.

Ní 1939, níwájú British Academy, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní ọwọ́ kan rèé, òmíràn rèé, nítorí náà nǹkan wà lóde ọkàn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín sí i títí dòní. Wọ́n ní kò fi ẹ̀rí hàn pé ọwọ́ ni. Òun náà mọ̀, ó sì sọ pé òun kò lè fi í hàn, pé èèyàn lè mọ ohun tí kò lè fi ẹ̀rí hàn. Ẹ bi ara yín: èwo ló dá yín lójú jù, pé ọwọ́ ni èyí, àbí ìlànà fìlọ́sọ́fì tí ẹnì kan fẹ́ fi gbà á lọ́wọ́ yín?

Èwo ni kí ẹ mú

Bí ó bá jẹ́ pé sáyẹ́ǹsì ló ká yín lára, bí ìmọ́lẹ̀, ojú àti ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, Russell ti 1912 ló máa rọ̀ yín lọ́rùn, kí ẹ má sì gbàgbé Newman. Bí ẹ bá fẹ́ rí bí ọlọ́gbọ́n ṣe ń kọ́lé láìra búlọ́ọ̀kù, ti 1914 ni. Bí olùkọ́ bá ní kí ẹ gbèjà sense-data, ẹ má lọ sọ́dọ̀ Russell rárá. Broad ni kí ẹ mú, òun ló ń dáhùn ohun tí alátakò fẹ́ sọ kó tó sọ ọ́.

Èmi ní tèmi mú "rárá" Cook Wilson lórí rírí, mo fi àìlèṣàṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀, mo sì fi ti Moore rọ́pò rẹ̀. Mo jẹ Broad ní ìdáhùn: kí ló dé tó fi jẹ́ gígùn? Nítorí pé bí owó bìrìkìtì ṣe máa ń hàn láti ẹ̀gbẹ́ nìyẹn. Kámẹ́rà tí kò ní ọkàn yóò yà á bẹ́ẹ̀ náà. Broad lè ní àmì gígùn kan wà lórí fọ́tò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó ni kámẹ́rà ya, kì í ṣe àmì yẹn. Ibi tí n kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni ti ẹni tí ibà tàbí ọtí mú kó máa rí eku níbi tí kò sí nǹkan kan rárá. Kò sí owó níbẹ̀ tí a ó ní ó "hàn bí". Ìpín "bẹ́ẹ̀ ni" ń borí níbẹ̀, ó kéré tán ní ìrọ̀rùn, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé "rárá" kò ná òun ní nǹkan kan kò tíì dé ibẹ̀.

Ní ti ètò kíkà: orí kìíní àti orí karùn-ún ìwé Russell ti 1912, apá kẹrin àròkọ Moore ti 1925, lẹ́yìn náà orí tí Broad ti sọ̀rọ̀ pẹ́nì. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ J. L. Austin, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1962 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dùn ún kà jù. Ó bi wọ́n pé bí ṣọ́ọ̀ṣì kan bá jọ abà, kí la rí? Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì tó jọ abà ni, kì í ṣe abà tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá ka èyí kó tó ka Price àti Ayer yóò rò pé òmùgọ̀ ni wọ́n.